Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo rà kí n tó rí ìwé kan

Ìwé ẹyẹ ni. Ìgbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i, ní yàrá ẹ̀yìn ilé-ìkàwé kan níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìwé jáde. Àwòrán aláwọ̀ 24 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ọ̀dà má baà ràn mọ́ ojú ewé tó kọjú sí i, máàpù ńlá kan sì wà lẹ́yìn tó ṣeé tú bí aṣọ tí wọ́n ká. Wákàtí méjì péré ni wọ́n fún mi pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò lára ìwé yẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí owó díẹ̀ ń wọlé, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo wá lórí ayélujára. Ó gbà mí ní ọdún mẹ́ta àti ẹ̀dà mẹ́ta kó tó di pé mo ní i lọ́wọ́ bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ kìíní. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀ nípa ríra ìwé àlòkù àti ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ojú mi kò rí, inú ọdún mẹ́ta yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Owó ẹ̀dà àkọ́kọ́ kò pọ̀ rárá, ó sì yẹ kí ìyẹn ti fu mí lára. Olùtajà kọ ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, orúkọ òǹkọ̀wé pé, àkọlé pé, ṣùgbọ́n kò sí fótò kankan níbẹ̀. Mo sanwó láìbéèrè ohunkóhun. Nígbà tí mo tú u, òórùn yíǹkì tuntun ló kọ́kọ́ lù mí nímú. Páálí rírọ̀ tó ń dán ni, àwòrán òdòdó tí kò bá ẹyẹ tan ló sì wà lójú rẹ̀. Mo ṣí i. Wọ́n ti ya fótò ìwé àtijọ́ náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tẹ fótò náà sórí bébà funfun. Àwọn ojú ewé kan wọ́, àwọn kan kò ní ọ̀rọ̀ tó wà létí mọ́. Ní ọ̀kan, ìka ẹni tó ń ya fótò náà hàn kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹyẹ. Gbogbo àwòrán aláwọ̀ ti di dúdú àti eérú. Ní ti máàpù, bó ṣe wà ní kíká nígbà tí wọ́n yà á ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ nìkan ni ojú lè rí.

Mo bínú, mo kọ lẹ́tà gígùn, kó tó yé mi pé òwò tó ní ìlànà ni mo bọ́ sí. Ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí rẹ̀ bá ti parí, ẹnikẹ́ni ló lè tún un tẹ̀. Àwọn ilé-ìkàwé ńláńlá ti ya àìmọye irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí gbogbo ayé lè kà wọ́n, iṣẹ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń mú fáìlì wọ̀nyí, tí wọ́n á wá àwòrán kan fi bo iwájú rẹ̀, tí wọ́n á sì tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo nígbà tí ẹnì kan bá sanwó. Kó tó di pé èèyàn sanwó, kò sí ìwé kankan nílẹ̀. Ọdún ìwé ti àkọ́kọ́ ni wọ́n sì sábà ń kọ sí ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ọdún tiwọn sí.

Nọ́ńbà ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé, ni mo máa ń kọ́kọ́ wò báyìí. Wọ́n ti ń lo irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1967, ó di ìlànà àgbáyé ní 1970. Mẹ́wàá ni òǹkà inú rẹ̀ nígbà náà, ó di mẹ́tàlá ní oṣù kìíní ọdún 2007. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ìwé 1910 ni òun ń tà, tí ISBN sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtúntẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé olùtajà náà so ìwé rẹ̀ mọ́ ojú ewé ìwé mìíràn. Èyí ó wù kó jẹ́, mi ò ní sanwó kí n tó béèrè. Tí mo bá tún rí i pé olùtajà mẹ́fà tàbí méje ní ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún kan náà, tí gbogbo wọn pè é ní tuntun, tí owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mo ti mọ ohun tí mo rí nìyẹn.

Oṣù méje kọjá kí ẹ̀dà kejì tó yọjú. Ó ní fótò lọ́tẹ̀ yìí: páálí aláwọ̀ ewé, ẹyẹ aláwọ̀ wúrà lójú rẹ̀, bí mo ṣe rántí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Olùtajà kọ “Good” sábẹ́ rẹ̀, ó ní ó gbó díẹ̀ létí. Mo rò pé ó ní ó dára ni.

Àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ìwé ṣe gbó tó. Ìwé ìròyìn òwò wọn kan tí wọ́n ń pè ní AB Bookman’s Weekly ló tò wọ́n jáde ní 1949, ọ̀pọ̀ sì ń lò wọ́n di òní: As New, Fine, Very Good, Good, Fair, Poor. Ipò kẹrin nínú mẹ́fà ni Good wà. Ohun tó túmọ̀ sí fún wọn ni ìwé àlòkù lásán tó ti gbó, ṣùgbọ́n tí gbogbo ewé rẹ̀ pé, tí olùtajà sì gbọ́dọ̀ dárúkọ àbùkù tó bá wà lára rẹ̀. Kódà ìwé tó bá bọ́ sí ipò ìsàlẹ̀ pátápátá, tí kò wúlò ju kíkà lọ, ìlànà náà ní kí olùtajà sọ àwòrán tàbí máàpù tó bá ti sọnù nínú rẹ̀. Èyí wúlò fún mi gan-an nígbà tó yá.

Nígbà tí ìwé náà dé, mo rí òǹtẹ̀ ilé-ìkàwé kan lójú ewé àkọlé. Ìyẹn kò bí mi nínú púpọ̀. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kan náà wà lórí gbogbo àwòrán, nígbà mìíràn lórí ìyẹ́ ẹyẹ gan-an. Mo ka àwòrán: 21. Mo tún un kà, 21 náà ni. Mo yí dé ẹ̀yìn láti tú máàpù. Etí bébà tín-ín-rín kan ló kù níbẹ̀, ó tọ́ bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Abẹ ni wọ́n fi gé e.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn èèyàn kan ń fi èyí ṣiṣẹ́ ṣe. Máàpù àtijọ́, àwòrán ẹyẹ, ti òdòdó, ti ìlú ńlá, tí wọ́n bá gé wọn kúrò nínú ìwé tí wọ́n sì fi wọ́n sínú férémù, owó tí gbogbo wọn ń mú wá lọ́kọ̀ọ̀kan lè ju owó odidi ìwé lọ. Nítorí náà wọ́n ń tú ìwé palẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń tú ọkọ̀ tó ti kú láti ta ẹ̀yà ara rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á tún tà á fún ẹni bí èmi. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí di òní. Ìwé tí wọ́n bá ti tú bẹ́ẹ̀ kò lè pé mọ́ láéláé, gbogbo ẹ̀dà tó bá sì lọ báyìí, ṣe ló ń sọ àwọn tó kù di ọ̀wọ́n.

Lẹ́tà tí mo kọ sí ẹni àkọ́kọ́ kún fún ìbínú, kò sì fèsì. Fún ẹnì kejì, mo sùn mọ́jú kí n tó kọ ohunkóhun. Mo ya fótò ibi tí wọ́n ti gé máàpù, mo ya ojú ewé iwájú tí wọ́n to àwòrán 24 sí, mo wá kọ gbólóhùn mẹ́rin: ohun tí ẹ kọ nìyí, ohun tó dé ọwọ́ mi nìyí, ohun tí Good túmọ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́ yín nìyí, ẹ jọ̀wọ́, owó mi ni mo fẹ́. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà, títí kan owó ìfiránṣẹ́. Ó tọrọ àforíjì, ó ní òun ò ṣí ẹ̀yìn ìwé náà rí. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó ní ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé nínú ilé ìkẹ́rùsí, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ló sì ń bá wọn kọ “ó lè ní àmì díẹ̀ nínú” sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Fún ìwé tí mo kàn fẹ́ kà, mi ò bá irú olùtajà bẹ́ẹ̀ jà: ọjà wọn pọ̀, wọ́n sì ń yá ní fífi ránṣẹ́. Fún ìwé tí mo fẹ́ tọ́jú, mi ò tún rà lọ́wọ́ wọn mọ́, àfi tí ẹnì kan níbẹ̀ bá gbà láti dìde lọ wo ìwé náà fún mi.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Nínú ọjà gidi, èèyàn á gbé ìwé, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á ṣí i síbí ṣí i sọ́hùn-ún. Lórí ayélujára, ọ̀rọ̀ olùtajà ni ojú àti ọwọ́ wa. Ohun tó bá sì dákẹ́ lé, a kò rí i. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ nínú ohun tí wọ́n kọ. Tí ìwé bá yẹ kó ní máàpù, tí wọn kò dárúkọ máàpù, mo gbà pé kò sí níbẹ̀ títí wọ́n á fi sọ pé ó wà. Olùtajà tó to àbùkù ọjà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tó ní igun ìsàlẹ̀ ti rọ, tó ní ẹnì kan kọ orúkọ sójú ewé àkọ́kọ́, ọkàn mi a balẹ̀ sí i ju ẹni tó kọ “ó rẹwà gidi” lọ, nítorí àbùkù tó kọ jẹ́ ẹ̀rí pé ó di ìwé náà mú lọ́wọ́.

Mo ní lẹ́tà kan tí mo máa ń kọ báyìí, ìwé nìkan ló ń yí padà nínú rẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé yín yìí wù mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka àwòrán inú rẹ̀, ṣé 24 ni? Ṣé máàpù ẹ̀yìn ṣì wà, ṣé kò sì ya níbi tí wọ́n ti ká a? Ṣé òǹtẹ̀ ilé-ìkàwé wà lára rẹ̀? Ṣé ẹ lè ya fótò ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé fún mi, kí ẹ sì ya ìwé náà láti òkè níbi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀yìn? Mo dúpẹ́ o.” Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ a máa fèsì láàárín ọjọ́ díẹ̀, inú ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ máa ń dùn pé ẹnì kan bìkítà. Ẹni tí kò ní i lọ́wọ́ á fèsì pé “ìwé náà wà ní ipò tí a kọ síbẹ̀”, kò sì ní fi fótò kankan ránṣẹ́.

Àwọn tí kò ní ìwé lọ́wọ́ wà lóòótọ́. Wọ́n á kọ ìwé ẹlòmíràn sórí ojúlé tiwọn pẹ̀lú owó tó ga sí i. Tí èèyàn bá rà á, ìgbà náà ni wọ́n á tó lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní 2011 ni èyí hàn sí gbogbo ayé. Ìwé kan wà tí wọ́n tẹ̀ ní 1992, The Making of a Fly, tó dá lórí bí eṣinṣin ṣe ń di eṣinṣin láti inú ẹyin. Owó ẹ̀dà tuntun rẹ̀ lórí Amazon gòkè dé dọ́là 23,698,655 àti sẹ́ǹtì 93. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Michael Eisen, ṣọ́ owó náà lójoojúmọ́ títí ó fi mọ ìdí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà olùtajà kan ń fi owó sí díẹ̀ sísàlẹ̀ ti ẹnì kejì, ó ń sọ ọ́ di 0.9983 rẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹnì kejì sì ń sọ owó tirẹ̀ di ìlọ́po 1.27 ti ẹni àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe ń lé ara wọn lọ sókè nìyẹn, kò sí èèyàn kankan tó wò ó. Èrò Eisen ni pé ẹni tó ń gbé owó lékè yìí kò ní ìwé náà rárá.

Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn, owó gọbọi kì í dẹ́rù bà mí mọ́. Iye tí ẹnì kan bù lé ìwé kì í ṣe iye tí ìwé náà tó. Ìwé lè jókòó ní iye kan fún ọdún mẹ́wàá láìsí ẹni tó rà á. Iye tí ẹlòmíràn ti san gan-an ni mo máa ń wá. eBay ní ibi tí èèyàn ti lè rí ọjà tó ti tà àti iye tó tà á. Mo tún máa ń wá ìwé lórí viaLibri, nítorí ó ń wo ọ̀pọ̀ ojúlé lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà mìíràn ẹ̀dà kan náà lọ́wọ́ olùtajà kan náà á fara hàn níbi mẹ́ta ní iye mẹ́ta. Tí olùtajà bá ní ojúlé tirẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń rà, kí owó lè dé ọwọ́ rẹ̀ ní pípé.

Ní àárín gbogbo èyí, mo ya bàrá lọ sínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́, ìyẹn ẹ̀dà ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ ìwé kan jáde, tí àwọn tó ń kó ìwé jọ ń wá. Ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde. Mo ra ìwé ìtàn àròsọ kan tí olùtajà pè ní ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́, “First Edition” sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ lọ́wọ́, bébà rẹ̀ rí bákan, kò sí iye owó ní igun ẹ̀wù rẹ̀ (ẹ̀wù ìwé ni èmi ń pe bébà tí wọ́n fi ń bo páálí), ihò kékeré kan bí ẹni fi ìka tẹ ẹ́ sì wà ní ìsàlẹ̀ páálí ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ẹ̀dà ẹgbẹ́ olùra-ìwé ni. Ní Amẹ́ríkà, Book-of-the-Month Club bẹ̀rẹ̀ ní 1926, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀dà púpọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, nígbà mìíràn tòun ti ọ̀rọ̀ “First Edition” tó wà nínú ti àkọ́kọ́. Wọ́n dára fún kíkà. Àwọn tó ń kó ìwé jọ kì í fẹ́ san owó púpọ̀ lé wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti ka ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ní ọ̀wọ́ òǹkà kan níbẹ̀, láti 1 dé 10 tàbí kí wọ́n tò ó sẹ́yìn sẹ́yìn. Òǹkà tó kéré jù tó ṣẹ́ kù ló ń sọ ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Tí 1 bá wà, ìgbà àkọ́kọ́ ni. Tí 4 bá jẹ́ èyí tó kéré jù, ìgbà kẹrin ni. Kì í ṣe gbogbo ilé ìtẹ̀wé ló ń tẹ̀ lé e: Random House lo ọdún púpọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 2, tí ọ̀rọ̀ “First Edition” á sì wà lókè rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ju ìwé gidi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tún ṣe pàtàkì. The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola kọ, Faber ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1952. Grove Press tẹ tirẹ̀ ní New York ní 1953. Mo ti rí olùtajà tó kọ “ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́” sí ti 1953, kò sì parọ́ pátápátá, nítorí òun ni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ti àkọ́kọ́ gan-an, ti 1952 ló ń wá. Àṣìṣe ìtẹ̀wé náà a máa jẹ́ ẹlẹ́rìí: nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ Harry Potter and the Philosopher’s Stone, 1997, tí wọn kò tẹ ju 500 lọ nínú èyí tó ní páálí líle, “1 wand” fara hàn lẹ́ẹ̀méjì ní ojú ewé 53. Nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ni olùtajà rere máa ń dárúkọ láìjẹ́ pé èèyàn bi í.

Ní ti ẹ̀wù ìwé, ó yà mí lẹ́nu pé bébà kan lásán lè gba ìdá tó pọ̀ jù nínú owó ìwé. Àwọn èèyàn ìgbà náà kàn ń jù ú nù ni, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n. Nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n, àwọn kan ń tẹ àdàkọ rẹ̀ tí wọ́n ń fi wọ ìwé àtijọ́. Kò burú tí wọ́n bá sọ ọ́. Ẹ béèrè ní tààrà: ṣé ẹ̀wù tí wọ́n bí ìwé yìí pẹ̀lú rẹ̀ nìyí, àbí àdàkọ, àbí ti ẹ̀dà mìíràn?

Ìwé tí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí, mi ò rà á mọ́ àfi lọ́wọ́ ẹni tó bá lè sọ ibi tó ti rí i, tó sì gbà láti dá owó padà nígbàkígbà tí wọ́n bá rí i pé ayédèrú ni. Ìwé ẹ̀rí tí olùtajà fúnra rẹ̀ tẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Níbi tí owó bá ti pọ̀, mo máa ń wò ó bóyá olùtajà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́ tó ní òfin, bí ABA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1906, ABAA ti Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1949, tàbí ẹgbẹ́ mìíràn tó wà lábẹ́ ILAB, àjọ àgbáyé wọn. Mo máa ń lọ wo orúkọ rẹ̀ lórí ojúlé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀, àmì lásán kò tó. Ẹni tó bá sì ní kí n sanwó fún òun níta ojúlé tí a ti pàdé, tàbí kí n fi owó náà ránṣẹ́ bí ẹni ń fún ọ̀rẹ́ lówó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa parí sí.

Ìfiránṣẹ́ ló tíì dùn mí jù, nítorí pé kò sí ẹni tó parọ́ níbẹ̀. Ìwé ewì kan, tínínrín, ẹ̀wù rẹ̀ pé, olùtajà sọ òtítọ́ nípa gbogbo rẹ̀, ó wá fi í sínú àpòòwé bébà lásán. Òjò pa á lọ́nà. Nígbà tó dé, àwọn ewé rẹ̀ ti wú, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, àwọ̀ ẹ̀wù ti ṣàn sí ojú páálí. Bóyá ọdún àádọ́rin ni ìwé náà ti lò láìfarapa, ọ̀sẹ̀ kan ló gbà láti run. Láti ìgbà náà mo máa ń kọ̀wé kí wọ́n tó dì í: kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rá wé e nítorí omi, kí wọ́n fi páálí tó tóbi ju ìwé lọ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí igun má baà rọ, kí wọ́n gbé e sínú àpótí tí wọ́n ti ki nǹkan sí tí kò fi ní máa mì, kí sẹ́lótéèpù má sì fara kan ìwé rárá. Mo máa ń ní kí wọ́n fi owó dídì náà kún owó ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á.

Ìwé tó bá dé kì í bọ́ sí àárín àwọn tó kù lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tí ó bá ti bu, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun wà lára rẹ̀ tó sì ń rùn, ọ̀rinrin ló fà á, ó sì lè ran àwọn tó kù. Tí mo bá fura sí kòkòrò, mo máa ń dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, mo sì ń fi í sínú fírísà tó tutù dé ìwọ̀n -20°C fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Tí mo bá gbé e jáde, mi ò ní tú ọ̀rá náà títí yóò fi gbà ooru yàrá, kí omi má baà ṣẹ́ sí i lára. Òtútù ń pa kòkòrò, kì í pa ohun tó bu. Ti òórùn lásán, inú àpótí tó ní ìdérí ni mo ń gbé e sí pẹ̀lú abọ́ sódà tí wọ́n fi ń yan àkàrà òyìnbó (baking soda) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí sódà má fọwọ́ kan ewé. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Àwọ̀ bébà kò sì jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ orí: bébà tí wọ́n fi àkísà aṣọ ṣe ní 1750 lè funfun ju ti 1950 lọ, nítorí pé láti àárín sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń fi igi ṣe ọ̀pọ̀ bébà, ásíìdì inú rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ di pípọ́n, tí yóò máa kán bí ewé gbígbẹ.

Ẹ̀dà kẹta wá lọ́wọ́ olùtajà kan tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀. Àbùkù mẹ́sàn-án ló tò sábẹ́ ìwé náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣá nítorí oòrùn. Àwọn àmì tóótòòtó pupa rẹ́súrẹ́sú wà létí ewé àkọ́kọ́. Máàpù ti ya níwọ̀n ìka méjì níbi tí wọ́n ti ká a. Èyí tó kẹ́yìn: “ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí ẹ̀bá ojú ewé kan.” Owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ẹ̀dà kejì. Mo kọ lẹ́tà mi sí i, ó sì fèsì ní alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú fótò mọ́kànlá, ó ní òun ti ka àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì, 24 ni, òun sì lè pa pẹ́ńsù náà rẹ́ kó tó fi ránṣẹ́ tí mo bá fẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ó dé nínú àpótí tó gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti tú. Mo jókòó sílẹ̀, mo tú máàpù náà ká sí ilẹ̀ yàrá, mo wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ka àwòrán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò lójú wọn, mo sì ń dá a padà. Nígbà tí mo dé ìkẹtàdínlógún, pẹ́ńsù náà wà níbẹ̀, ìkọ̀wé kékeré tó tẹ̀ sápá kan. Ẹni náà kọ ọ́ pé òun rí ẹyẹ yìí ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, méjì, akọ àti abo, wọn kò sì fò lọ nígbà tí òun sún mọ́ wọn.